Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ọgbà Ẹnulẹbọ, àti bí a ṣe ń tún ilé ṣe kí ọmọ ajá má baà gbé e mì

Ohun tó wà nílẹ̀

Ohun tí a ti bá nínú ìgbẹ́ Ẹnulẹbọ, ọmọ ajá wa, láti ìgbà tó ti wọ ilé wa nìyí: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ègé àǹkárá aláwọ̀ ewé, rọ́bà ìdirun àwọn ìbejì, ìdajì ọmọrí ìgò, àti nǹkan dúdú kan tí gbogbo ilé wò títí tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀. Èyí tó kàn fi eyín họ láìgbé mì kò lóǹkà: sálúbàtà mi ọwọ́ ọ̀tún, etí bẹ́ǹṣì tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbé, okùn ṣájà, ìgbálẹ̀.

Ajá ìbílẹ̀ ni. Àbúrò bàbá mi ló mú un wá láti oko pé kó máa bá mi ṣọ́ pákó lálẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Káfíńtà ni mí níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìsọ̀ mi wà lójú ọ̀nà tó jáde sí Tákìẹ́, ilé tí a ń gbé sì wà lẹ́yìn ìsọ̀ náà gan-an. Ìyá Ìbejì ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Lápá kan ìṣó, gọ́ọ̀mù àti ègé pákó. Lápá kejì òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti àjákù aṣọ. Ọmọ ajá tó bá bọ́ sáàárín irú ilé bẹ́ẹ̀, ọjà ló bọ́ sí. Bàbá onílé wa ló sọ ọ́ ní Ẹnulẹbọ, a ò sì rí orúkọ mìíràn tó tún yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kan ọgbà tí yóò máa wà nígbà tí kò bá sẹ́ni tó lè mójú tó o, kí n sì tún inú ilé ṣe kí ohun tí ẹnu rẹ̀ lè tó dín kù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nítorí pé àwọn oníbàárà kan ti ń béèrè pé kí n kan irú rẹ̀ fún àwọn.

Kí n tó fọwọ́ kan ayùn

Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣe ajá yìí. Ẹnìkan ní aràn ni. Òmíràn ní ebi ni. Aràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lóòótọ́: ajá tí aràn tàbí àìlẹ́jẹ̀ bá ń bá jà lè máa jẹ yẹ̀pẹ̀ àti òkúta, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ mú un lọ gba oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí wọ́n ń gún fún ọmọ ajá láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó gbà á tán, ó padà sílé, ó jẹ ìdí àga.

Eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Eyín 28 ni ọmọ ajá ń kọ́kọ́ hù. Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí àwọn 42 tó máa bá a dàgbà yóò sì máa jáde títí di oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Èrìgì ń yún un, ó ń dùn ún, ohun tó bá le díẹ̀ tó sì rọ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́ fi eyín tẹ̀. Kò sí ẹni tó máa na ajá kí eyín má hù. Ẹ fi pàṣán sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n fífi eyín họ nǹkan yàtọ̀ sí gbígbé e mì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Mo jókòó mo wò ó dáadáa. Bí Ẹnulẹbọ bá rí ègé aṣọ tí kò sì sẹ́ni nítòsí, yóò dọ̀bálẹ̀ tì í, yóò máa fà á, yóò máa họ ọ́, yóò sú u, yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ Ìyá Ìbejì kígbe mọ́ ọn, tó gbá tẹ̀lé e yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, tó ń nawọ́ sí i lẹ́nu. Ajá náà wò ó lójú, ó gbé ọrùn sókè, àǹkárá wọlé. Tiẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ gbà á, ikùn rẹ̀ ni ibi ìpamọ́ tó dá a lójú jù. Gbogbo ohun tó ti gbé mì nínú ilé yìí, tí mo bá bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè, ẹnìkan ń lé e nígbà náà. Àwọn ọmọ ajá tí wọ́n pọ̀ nídìí abọ́ kan ṣoṣo náà máa ń kọ́ irú ìyára ẹnu yìí lọ́dọ̀ ara wọn, oko tí èyí sì ti wá, mẹ́jọ ni wọ́n.

Nítorí náà òfin àkọ́kọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé e mọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kígbe. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ti Ìyá Ìbejì àti tèmi, mo sọ ọ́ fún àwọn ìbejì. Ó ṣòroó gbọ́ fún Kẹ́hìndé.

Pákó

Káfíńtà tó bá ń kan nǹkan fún ẹni tó máa fi ẹnu kàn án gbọ́dọ̀ ro pákó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ikán pọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ pákó tó bá sì ti wà ní ìsọ̀ ti gba oògùn ikán tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán. Májèlé ni méjèèjì fún ajá tó bá ń lá a. Pákó tí a bá bọ́ kúrò lára òrùlé ilé àtijọ́, ẹ má ṣe lò ó, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ti kùn ún.

Másóńìà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó dán, ó rẹwà, àmọ́ gbogbo káfíńtà tó bá ti fi ayùn gé e rí mọ̀ bó ṣe máa ń ta imú àti ọ̀fun, tí ara ẹlòmíràn á sì lé ròrò. Èèpo igi náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe oró ọfà láyé àtijọ́. N ò ní fi í síwájú ọmọ ajá. Páláwúùdù náà kò bá a mu, nítorí pé etí rẹ̀ máa ń ṣí ní ìpele ìpele, gọ́ọ̀mù ló sì wà láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Mo mú mẹ̀línà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́míìlì, tí oògùn kankan kò tíì kàn, mo sá a, mo fi pléènì fá a, mo fi sáńpépà dán an. N ò kùn ún ní ohunkóhun. Yóò dọ̀tí, kí ó dọ̀tí.

Ní ti gọ́ọ̀mù, èyí funfun tí a ń fi omi là kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yẹ ká gbé sókè pátápátá ni irú tó máa ń hó tó sì ń wú bó bá ti kan omi. Bí ajá bá lá irú rẹ̀, inú ikùn ló ti máa wú, yóò le bí òkúta, abẹ ni wọ́n á fi yọ ọ́. Mo ti gbé tèmi sórí àjà.

Ọgbà náà

Ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 4 ní ìbú, 3 àti ààbọ̀ ní gíga. Ó lè dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè nàró, ó lè yípo, abọ́ omi sì gba ibì kan.

Ohun tó gba àròjinlẹ̀ jù ni etí pákó. Ajá kì í lè họ pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, eyín rẹ̀ kò ní ríbi dì mú, ńṣe ni yóò máa yọ̀. Igun ló ń wá, àti etí, àti ibi tí pákó méjì ti pàdé tí ọ̀kan yọ ju èkejì lọ. Ẹ lọ wo ìdí àga yín, ibi tí ó ti jẹ ni mo ń wí yẹn. Báyìí ni mo ṣe kàn án: gbogbo ojú pákó tó tẹ́ wà nínú, gbogbo igi ìdúró àti igi ìdábùú wà níta. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú, mo gé wọn pàdé kí etí kankan má yọ, mo sì fi sáńpépà pa wọ́n rẹ́. Orí pákó lókè nìkan ni etí kò ti ṣeé fi pamọ́, nítorí náà mo ní kí wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi gé irin pẹrẹsẹ fún mi, mo ká a lé e lórí bí a ṣe ń ká etí tábìlì bùkátéríà.

Súkúrúù ni mo lò, kì í ṣe ìṣó, láti ìta wọlé, tí ẹnu rẹ̀ kò sì yọ sínú. Ìṣó máa ń sún padà bí pákó bá ń gbẹ. Ẹni tó bá ti bá ìṣó nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan mọ ohun tí mò ń sọ.

Apá kan ní iwájú gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ kó sì lè rí wa. Ẹni tó máa kan an fún ara rẹ̀ lè rò ó láti lo nẹ́ẹ̀tì adìyẹ torí pé kò wọ́n. Ẹ má lò ó. Wáyà tín-ín-rín ni, ajá á fi eyín ṣẹ́ ẹ, á gbé ègé rẹ̀ mì, ègé náà á gún un nínú. Irin róbótó tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò ni mo lò, ìdúró ni mo dè wọ́n, kì í ṣe ìdábùú, kó má baà fi wọ́n ṣe àkàsọ̀. Àlàfo àárín wọn kéré ju ìbú orí rẹ̀ lọ dáadáa. Orí rẹ̀ ti òní, nígbà tó ṣì kéré, ni kí ẹ wọ̀n o, nítorí orí tó bá ti kọjá kì í fìgbà gbogbo ṣeé fà padà.

Nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni. N ò tẹ́ fóòmù sí i, n ò sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Fóòmù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ. Mo kan pẹpẹ pákó kékeré kan sílẹ̀ fún un, tí ọyẹ́ bá sì dé a máa wo irú aṣọ tí yóò gbà á.

Ọgbà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bó bá jí, bó bá jẹun tán, ìta ni a ń kọ́kọ́ mú un lọ. Bí ẹnìkan bá sì wà nílé tó ráyè, okùn ọrùn rẹ̀ ni a ń so mọ́ ìdí ẹni náà, ibi tó bá ń lọ ni ajá ń bá a lọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ajá tó wà ní ìtòsí ẹsẹ̀ ẹni kì í ráyè lọ wá sálúbàtà.

Yàrá ìránṣọ

Ibí ló bà mí lẹ́rù jù. Bọ́tìnnì lè bá ìgbẹ́ jáde. Òwú ni ọ̀tá. Bí òpin rẹ̀ kan bá kọ́ sábẹ́ ahọ́n tàbí ní ẹnu ikùn, tí ìfun sì ń fa èyí tó kù lọ, ńṣe ni ìfun á máa wọ́ jọ lórí òwú náà bí ẹnu ṣòkòtò onírọ́bà, òwú á sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ bí ayùn. Kànrìnkàn náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àti ìbọ̀sẹ̀, àti irun tí àwọn obìnrin fi ń dirun. Kànrìnkàn tiwa lẹ́yìn ilé, mo ti kan ìṣó fún un lókè ògiri.

Bí ẹ bá rí òwú tó yọ ní ìdí ajá, tàbí tó kọ́ sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ má fà á rárá. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e gbà.

Mo kan àpótí onídúrọ́ọ̀ kan fún Ìyá Ìbejì tó wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀, pé inú agbọ̀n ni òwú àwọn ti máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé dúrọ́ọ̀ kan gba gbogbo síìpù, wọ́n ní kí n kan èkejì. Mo tún gbé pákó dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀, tí àgbà lè gbẹ́sẹ̀ kọjá.

Fún abẹ́rẹ́, mo tú òòfà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́ kan, mo so ó mọ́ ìdí igi. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ bá ti gbálẹ̀, ó máa wọ́ òòfà náà kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Ìgbàkígbà ló ń bá nǹkan bọ̀. Ìyẹn gan-an ti ń wúlò fún ẹsẹ̀ àwa èèyàn, ká má tíì sọ ti ajá.

Okùn iná àti okùn ṣájà tó wà nílẹ̀, mo ki wọ́n bọ inú páìpù funfun tí wọ́n ń lò fún wáyà.

Ata

Wọ́n ní kí n fi ata rodo pa bàtà. Ẹnìkan ní ilé gbìyànjú rẹ̀. Táyé ló fọwọ́ kan bàtà náà, tó fọwọ́ nu ojú. Ajá jẹ bàtà náà bí ìgbà tó ń jẹ àmàlà.

Ìta gbangba

Káfíńtà kò lè kan ọgbà yí gbogbo ayé ká, bẹ́ẹ̀ ni máńgòrò kò wọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti oṣù Ẹrẹ́nà lọ, ẹni bá ń jẹ á kàn ju kóró nù ni. Kóró náà ń yọ̀, ó ń dùn, ó lè gba ọ̀fun ọmọ ajá kọjá kó má lè gba ìfun rẹ̀ kọjá. Bákan náà ni ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti jẹ tán. Kì í rà nínú ikùn, ó sì máa ń dí ìfun pa. Kóró kajú tútù ní tirẹ̀ ní epo nínú èèpo tó ń bó ènìyàn lára, ẹ lè ro ohun tó máa ṣe fún ahọ́n. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tí a ń kó síta fún ewúrẹ́ náà ní oró.

Mo kan àpótí ìdalẹ̀nù kan tó ga, ó ní ọmọrí tó wúwo àti irin tí a fi ń há a. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó háyà yàrá lẹ́yìn wa ni mo bẹ̀ jù nípa egungun adìyẹ, torí egungun tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó. Àwọn náà gbà, wọ́n dáa.

Ohun tó lè jẹ

Bí a bá kó gbogbo nǹkan kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí a ò fún un ní nǹkan, ògiri ni yóò jẹ. Ìwọ̀n tí dókítà ẹranko fún mi rọrùn: bí èékánná àtàǹpàkò mi kò bá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, ó le jù, ó lè ṣẹ́ ẹ léyín. Èyí yọ ìwo màlúù àti pátákò kúrò. Awọ gbígbẹ náà jáde, torí ó máa ń wú bó bá mu omi.

Ohun tó kù fún wa ni rọ́bà líle tó ní ihò nínú, tó tóbi ju èyí tó lè wọ ọ̀fun rẹ̀ lọ. A ń fi ẹ̀kọ tutù àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ dí ihò náà. Kárọ́ọ̀tì láti Sábó, bí iná bá wà a máa ń gbé e sínú fíríìsà, ó ń tu èrìgì rẹ̀ lára. Bí iná ò sí, ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fẹ́ máa fún un ní àkàrà. Mo ní ẹ jọ̀wọ́ mà, àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ayé ti yí lórí.

Pàṣípààrọ̀

Iṣẹ́ tí kò lo pákó nìyí, òun ló sì ṣe ju gbogbo èyí tó lo pákó lọ. A fún un ní nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan, bí ègé igi. Bó bá ti gbé e sẹ́nu, a gbé ẹ̀dọ̀ sísè bíńtín sí i nímú. Kò lè jẹ méjèèjì, yóò ju igi. Bó ṣe ń jù ú ni a ń sọ pé “Fi sílẹ̀,” tí a ń fún un ní ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá dá igi rẹ̀ padà fún un.

Dídá a padà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe. Òun gan-an ni idán ibẹ̀. Ajá tó bá ti rí i pé ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ òun ń san owó rẹ̀, tó sì tún ń dá ọjà padà, kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó sáré gbé e mì. Láti igi a bọ́ sí bàtà, láti bàtà a bọ́ sí aṣọ. Báyìí, bí Ẹnulẹbọ bá rí bọ́tìnnì nílẹ̀, ó máa ń gbé e wá bá Ìyá Ìbejì kó lè gba owó rẹ̀. Wọ́n ní ajá náà ti di oníṣòwò.

Bí ó bá ṣì gbé nǹkan mì

Mo kọ eléyìí mọ́ ògiri ìsọ̀. Bó bá ń bì léraléra, bí kò bá jẹun, bó bá ń tiraka láti yàgbẹ́ tí nǹkan kan ò jáde, bí ikùn bá ń dùn ún tó ń ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò, kí a má dúró di ọ̀la. Nǹkan lè wà nínú ikùn fún ọ̀sẹ̀ kó tó dí ọ̀nà, nítorí náà ẹ rántí ohun tó sọnù nílé. Bí ègé rẹ̀ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ mú un dání lọ fún dókítà. Irin, òkúta àti egungun máa ń hàn nínú àwòrán ẹ́síréè; aṣọ àti ọ̀rá kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì wà ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn. Ti Ìlọrin ló súnmọ́ wa.

Epo pupa kọ́. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la bá a nílé pé bí ajá bá jẹ oró, ká rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Kì í pa oró. Ó lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn oró kan sì wà tí ọ̀rá ń ràn lọ́wọ́ láti tètè wọ ara. Ẹ má sì fipá mú un bì láìbéèrè, pàápàá bó bá jẹ́ ohun ṣóńṣó, kẹrosíìnì tàbí ohun tó ń jó ara.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Eyín iwájú ti pààrọ̀ tán, àwọn òkè méjì tó gùn ṣì ń bọ̀. Irin orí ọgbà ti ní àpá eyín, pákó inú kò ní. Àpótí ìdalẹ̀nù mú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Pákó ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ ti ń kúrú fún un, mo máa fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un.

Irin ìhá ilẹ̀kùn ọgbà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tí a ń gbé sókè ni, ajá náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi imú gbé e. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ra bóòtù tó ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ̀ láti ọjà Wàásò, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Àwọn tó ti ní kí n kan tiwọn, bóòtù méjì yẹn ti wà nínú iye tí mo máa dá fún yín.